Omi Wo Ni Ẹ Wẹ̀ ní Èwe? Ẹ̀kọ́ Kan lórí Ìrora Abẹ́ Inú

Ìlú Johannesburg ní ilẹ̀ South Africa ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò láti ọdún 2011. Ẹ̀kọ́ tí mo mú wá fún yín lónìí kì í ṣe ti ìṣirò. Ti ara ènìyàn ni, ti apá ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ dárúkọ ní gbangba. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nítorí èyí ni n kò ṣe ní dákẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ yìí dá lé lórí. Nígbà tí àìsàn kan bá pẹ́ lára, tí a kò sì mọ orúkọ rẹ̀, kí a tó sọ pé kò ní ìdáhùn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá ìbéèrè tí ó yẹ ni a ń béèrè. Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ṣàì mọ èyí. Bí gbogbo kíláàsì bá kùnà nínú ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, olùkọ́ ọlọ́gbọ́n a tún ìbéèrè náà yẹ̀ wò.

1. Irú ìrora tí à ń sọ

Àwọn oníṣègùn a máa sọ pé ìrora abẹ́ inú ti di bárakú bí ó bá ti lé ní oṣù mẹ́fà lára aláìsàn. Ó lè wà ní ìsàlẹ̀ ikùn, ní ìbàdí, tàbí ní ojú ara. Ó lè máa wá, kí ó sì máa lọ. Ó lè pọ̀ sí i nígbà tí obìnrin bá ń ṣe nǹkan oṣù, nígbà tí ó bá ń tọ̀, tàbí nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ bá wà papọ̀. Kì í ṣe obìnrin nìkan ni ó ń ṣe. Àwọn ọkùnrin náà a máa ní irú rẹ̀.

Tèmi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014. Ó dà bí ẹni pé a gbé ẹyín iná kékeré kan sí ìsàlẹ̀ ikùn mi ní apá òsì, tí kò ràn, tí kò sì kú. Mo ra àga gíga kan sí kíláàsì mi, nítorí n kò lè dúró ju ìdajì wákàtí lọ. Bí mo bá fẹ́ wọ ọkọ̀ akérò, mo máa ń dúró de èyí tí àyè bá ṣí níwájú rẹ̀, kí gìrìgìrì ẹ̀yìn ọkọ̀ má baà pa mí lára. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, nígbà tí òtútù Johannesburg ń mú bí abẹ, mo máa ń dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí n gbé ìgò omi gbígbóná tí a fi aṣọ wé sí abẹ́ ikùn, kí n sì máa ṣe máàkì ìwé àwọn ọmọ. Ẹni tí ó bá rí mi ní ojú pópó kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe mí. Irú àìsàn yìí kì í hàn lójú, kì í sì í mú ni dùbúlẹ̀ pátápátá. Ńṣe ni ó ń bu ọjọ́ ènìyàn jẹ díẹ̀díẹ̀.

2. Oògùn kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Ilé ìwòsàn mẹ́ta ni mo lọ láàrin ọdún márùn-ún. Ohun kan náà ni wọ́n ṣe fún mi ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì yẹ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀.

Ní South Africa, láti àwọn ọdún 1990, ọ̀nà tí a fi ń tọ́jú irú àìsàn yìí ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ni pé, kàkà kí wọ́n dúró de èsì àyẹ̀wò, àmì tí aláìsàn bá sọ ni nọ́ọ̀sì yóò tẹ̀ lé láti fún un ní oògùn. Bí obìnrin bá sọ pé ìsàlẹ̀ ikùn ń dun òun, tí nǹkan sì ń dà ní ojú ara òun, wọn yóò fún un ní abẹ́rẹ́ ceftriaxone, pẹ̀lú hóró azithromycin àti metronidazole, kí wọ́n lè pa kòkòrò àtọ̀sí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgbọ́n wà nínú ọ̀nà yìí. Aláìsàn tí a ní kí ó padà wá gba èsì lè má padà wá mọ́. Àrùn tí a kò sì tètè tọ́jú lè dí ọ̀nà tí ẹyin obìnrin ń gbà lọ sí ilé-ọmọ, kí onítọ̀hún má sì bímọ mọ́. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n ó gbà tẹ́lẹ̀ pé láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń bá aláìsàn sùn ni àrùn ti wá. Bí àrùn bá gba ọ̀nà mìíràn wọlé, oògùn náà kò ní bá a.

Wọ́n tún máa ń fún aláìsàn ní ìwé pélébé kan kí ó fi fún ẹnìkejì rẹ̀, kí òun náà wá gba ìtọ́jú. Ìwé pélébé náà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé mi ká. Nígbà àkọ́kọ́, ọkọ mi lọ, ó sì gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Nígbà kejì, ó lọ, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà kẹta, ó fi ìwé náà sí abẹ́ àwo oúnjẹ, ó wò mí lójú, ó ní, “Ìyá Ìbejì, ta ni ó ń kó o ràn wá?” N kò ní èsì fún un, nítorí n kò mọ ọkùnrin mìíràn, òun náà sì búra pé òun kò mọ obìnrin mìíràn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé Abẹ́òkúta, ó sì ti ń sọ ohun tí kò yẹ kí a sọ sí aya ilé. Nígbà tí a wá ṣe àyẹ̀wò kòkòrò gan-an fún èmi àti ọkọ mi, a kò rí ìkankan lára àwa méjèèjì. Síbẹ̀ ẹyín iná náà wà ní àyè rẹ̀.

3. Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tí ì béèrè

Ní ọdún 2019 ni mo bá nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan pàdé, ẹni tí wọ́n bí ní ìgbèríko KwaZulu-Natal. Ó ka ìwé ìtọ́jú mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó pa á dé, ó ní, “Sisi, níbo ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà? Omi wo ni ẹ ń wẹ̀ níbẹ̀?”

Mo ní, “Mama, adágún Ọ̀yán ni, nítòsí Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń ra ẹja. Ibẹ̀ ni a ti ń fọ aṣọ, tí a sì ń lúwẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́. Títí mo fi kúrò nílé ni mo ń padà lọ síbẹ̀ ní àkókò ìsinmi.”

Ó ní, “Ǹjẹ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ máa ń tọ ẹ̀jẹ̀?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ọmọkùnrin a tilẹ̀ máa fi í ṣeré.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ìhà Abẹ́òkúta wá mọ adágún tí mo ń sọ. Ní ọdún 1983 ni wọ́n ṣí ìdídò Ọ̀yán, láti máa pèsè omi fún Abẹ́òkúta àti Èkó. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn olùwádìí fi rí i pé àrùn tí à ń pè ní àtọ̀sí ajá gbilẹ̀ láàrin àwọn ọmọ abúlé etí adágún náà. A máa ń sọ pé omi kò lọ́tá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi tí ó dúró lójú kan a máa gba ọ̀tá ènìyàn sílé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé ọ̀tá náà bí a ti ń ṣe é lójú pátákó. Aràn kékeré ni. Dókítà ará Jámánì kan, Theodor Bilharz, ni ó kọ́kọ́ rí i ní ìlú Cairo ní ọdún 1851. Bí ẹni tí ó ní in bá tọ̀ sínú odò, ẹyin aràn náà yóò pa nínú omi. Ọmọ tí ó jáde yóò wọ inú irú ìgbín omi kéékèèké kan, kì í ṣe irú èyí tí à ń jẹ. Nínú ìgbín yìí ni ó ti ń di púpọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ọmọ aràn yóò tú jáde sínú omi, pàápàá nígbà tí oòrùn bá mú ní ọ̀sán, wọn yóò sì gba awọ ara ẹni tí ó bá wà nínú omi wọlé. Ara kì í tètè fura. Wọn yóò dàgbà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó yí àpò ìtọ̀ àti ilé-ọmọ ká, abo yóò sì máa yé ẹyin lójoojúmọ́. Díẹ̀ nínú ẹyin náà yóò bá ìtọ̀ jáde. Èyí tí kò jáde yóò há sínú ẹran ara, ní àpò ìtọ̀, ní ẹnu ilé-ọmọ àti ní ojú ara, yóò sì máa dá egbò síbẹ̀. Aràn kan lè wà láàyè nínú ènìyàn fún ọdún mẹ́ta sí mẹ́wàá, a sì ti rí èyí tí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àpá tí ẹyin bá dá sílẹ̀ lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí aràn fúnra rẹ̀ ti kú.

Àwọn àjọ ìlera àgbáyé ti fojú díwọ̀n rẹ̀ pé ó tó mílíọ̀nù 56 obìnrin ní ilẹ̀ Áfíríkà tí àrùn yìí ti wọ abẹ́ wọn. Ìwádìí kan tí a ṣe ní ìgbèríko Zimbabwe, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2006, fi hàn pé kòkòrò àrùn éèdì pọ̀ lára àwọn obìnrin tí ó ní egbò yìí ju ti àwọn tí kò ní in lọ. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrora nìkan.

4. Ìdí tí Johannesburg kì í fi í rántí rẹ̀

Orí òkè ni Johannesburg wà, ní nǹkan bíi mítà 1,750 ju ìpele òkun lọ. Òtútù ibẹ̀ kò bá àwọn ìgbín náà lára mu. Ní KwaZulu-Natal, Limpopo àti Mpumalanga ni àrùn náà ti wọ́pọ̀. Dókítà tí ó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lórí òkè lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó má ronú kàn án.

Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ìlú náà. Ní ọdún 1912 ni wọ́n dá ilé ìwádìí ìṣègùn ilẹ̀ South Africa sílẹ̀ ní Johannesburg. Obìnrin onímọ̀ kan níbẹ̀, Annie Porter, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti yẹ àwọn ìgbín odò ilẹ̀ náà wò, kí ó lè mọ èyí tí aràn yìí ń gbé inú rẹ̀. Ilé ìwádìí náà tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ọ̀ràn náà jáde ní ọdún 1938. Ìmọ̀ wà nínú ìwé ní ìlú náà. Ohun tí ó kù ni kí a mú un dé ẹnu nọ́ọ̀sì tí ó jókòó ti aláìsàn.

Láti ìgbà tí wọ́n ti rí wúrà ní ọdún 1886 ni àwọn ènìyàn ti ń ti ibi gbogbo wá sí Johannesburg. Ẹ rìn ní ọjà Yeoville, ẹ óo gbọ́ Yorùbá, Ìgbò, Faransé àti Shona láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Olúkúlùkù ni ó gbé omi ìlú rẹ̀ wá nínú ara rẹ̀. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, kò tó kí a béèrè lọ́wọ́ aláìsàn pé, “Ta ni ó bá ọ sùn?” A gbọ́dọ̀ béèrè pé, “Níbo ni o ti wá?”

5. Ohun tí a rí, àti ohun tí a kò rí

Wọ́n yẹ ìtọ̀ mi wò. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ni ó dára jù láti gbà á, nítorí ìgbà náà ni ẹyin máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. A kò rí ẹyin kankan. Ẹ kíyè sí èyí: obìnrin lè ní egbò náà ní abẹ́ kí ìtọ̀ rẹ̀ sì mọ́. Dókítà kan fi awò tí ó ní iná wo ẹnu ilé-ọmọ mi, ó sì rí àwọn ojú ibi tí ó dà bí ẹni pé a wọ́n yanrìn sí. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé kékeré tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní ọdún 2015 láti fi kọ́ àwọn oníṣègùn. Ohun tí ó kọ sínú ìwé mi ni pé wọ́n fura sí i. Kò kọ ọ́ pé ó dájú.

Wọ́n fún mi ní praziquantel, oògùn tí ó ń pa aràn náà. N óo sọ òtítọ́ fún yín gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ìṣirò. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ ọjọ́ ìrora sí. Kí n tó lo oògùn yìí, nínú ọgbọ̀n ọjọ́, ọjọ́ 22 ni mo máa ń ní ìrora. Ní ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ó di ọjọ́ 9. Kò tí ì di òdo. Oògùn a máa pa aràn, ṣùgbọ́n kì í nu àpá nù. Okùn ìmọ̀lára inú ara pẹ̀lú a máa kọ́ ìrora ní àkọ́sórí bí ọmọdé ṣe ń kọ́ ìlọ́po, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó gbàgbé rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń bá a lọ pẹ̀lú eré ìdárayá tí a fi ń tú iṣan ìbàdí, pẹ̀lú ìsinmi àti sùúrù.

Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì náà ṣe àlàyé fún ọkọ mi pé àrùn yìí kì í ti ara ọkọ ran aya, tàbí ti ara aya ran ọkọ, kò fọhùn títí a fi dé ilé. Nígbà tí a dé ilé, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí tẹlifóònù, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, omi Ọ̀yán ni wọ́n fura sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́.” Ìdajì ìwòsàn mi ni ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́.

6. Ọ̀rọ̀ lórí orúkọ

Nínú èdè wa, àtọ̀sí ni à ń pe àrùn tí a ń kó láti ibi ìbálòpọ̀. Nígbà tí a wá pe àrùn odò yìí ní àtọ̀sí ajá, a fi orúkọ ìtìjú lé orí ọmọ tí kò ṣe ju pé ó lúwẹ̀ẹ́ lọ. Ọmọbìnrin tí ó bá mọ̀ pé àtọ̀sí ni wọn yóò pè é kò ní sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ òun. Yóò dákẹ́, yóò dàgbà, yóò sì gbé e lọ sí ilé ọkọ. Bí a kò bá tilẹ̀ lè yí orúkọ náà padà, a lè máa fi àlàyé kún un pé aràn odò ni.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́. Gbogbo ìrora abẹ́ inú kọ́ ni aràn odò ń fà. Ó lè jẹ́ àtọ̀sí gan-an tàbí àwọn kòkòrò tí ó jọ ọ́. Ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ó wọ ilé-ọmọ. Ó lè jẹ́ àìsàn tí ohun tí ó jọ awọ inú ilé-ọmọ fi ń hù níbi tí kò yẹ, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó ń yọ nǹkan bíi mílíọ̀nù 190 obìnrin lẹ́nu káàkiri ayé. Ó lè jẹ́ ti àpò ìtọ̀ tàbí ti ìfun. Ìdí nìyí tí ìbéèrè fi gbọ́dọ̀ pọ̀.

7. Iṣẹ́ tí ó kan olùkọ́

Èkíní: ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ ẹ̀yà ara wọn láìsí ẹ̀rín, kí wọ́n lè sọ ibi tí ó ń dùn wọ́n.

Èkejì: ẹ ya àwòrán ìgbín àti aràn sí ojú pátákó. Kí ọmọ mọ ìdí tí a fi ń sọ fún un pé kí ó má tọ̀ sínú odò.

Ẹ̀kẹta: bí ọmọ bá sọ pé òun tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ má nà án, ẹ má sì jẹ́ kí a fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀kẹrin: ní ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bá gbé ọ̀pá ìwọ̀n wá láti mọ iye hóró praziquantel tí ó tọ́ sí gíga ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ rí i pé àwọn ọmọ ti jẹun, ẹ sì rí i pé àwọn ọmọbìnrin wà níbẹ̀. Láti ọdún 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbani níyànjú pé, níbi tí àrùn náà bá ti pọ̀, kí a máa fún àwọn àgbàlagbà náà ní oògùn yìí, àti àwọn ọmọdé láti ọmọ ọdún méjì.

Ẹ̀karùn-ún: fún ẹni tí ó ń jìyà lọ́wọ́ nínú yín, ẹ má máa ra oògùn apakòkòrò kiri lọ́wọ́ àwọn oníkẹ́míìsì. Ẹ kọ ọjọ́ ìrora, oògùn tí ẹ lò àti èsì rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ dárúkọ ìlú yín àti odò rẹ̀ fún dókítà, bí kò tilẹ̀ béèrè. Bí èsì bá ní kò sí nǹkan kan, ẹ béèrè pé, “Kí ni àyẹ̀wò yìí kò lè rí?”

Ìbéèrè fún ìjíròrò

(a) Kí ni ó fà á tí oògùn àtọ̀sí kò fi lè wo àrùn aràn odò sàn?
(b) Àwọn odò tàbí adágún wo ni àwọn ọmọ ilé-ìwé yín ń lúwẹ̀ẹ́ nínú wọn? Ta ni ó ti yẹ ìtọ̀ wọn wò rí?
(d) Orúkọ àìsàn mélòó ni ẹ mọ̀ ní àdúgbò yín tí ó ń fi ìtìjú lé aláìsàn lórí? Kí ni a lè fi rọ́pò wọn?
(e) Bí ìyá ọmọ kan bá tọ̀ yín wá, tí ó ní ìrora abẹ́ inú kò jẹ́ kí òun sùn, àwọn ìbéèrè wo ni ẹ óo gbà á níyànjú pé kí ó múra láti dáhùn kí ó tó lọ rí dókítà?